Igi Tó Dúró Lẹ́nu Odò

"Òfo," ni òǹkà wí.

Mo gbá a létí. Ẹ̀rọ kékeré ni, kò tóbi ju àdán lọ, ó ń fò, ó ń sọ̀rọ̀, èjìká òṣìṣẹ́ tó bá ń bá rìn ló sì máa ń bà lé. Ọdún mẹ́fà la ti jọ ń rìn. Kò parọ́ fún mi rí, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí inú bí mi.

"Lọ tún un wò."

Ó fò lọ. Ó rábàbà lórí àbàtà Ìdí-Abura láti ẹnu odò títí dé ibi tí omi ti di ẹrẹ̀, ó sì padà wá bà lé mi léjìká. "Igi wà. Igi tó ní olúwa nínú ìwé: òfo. Agégi yóò wọlé nígbà tí oòrùn bá kan àtàrí. Ẹ tẹ àtàǹpàkò yín."

Mi ò tẹ nǹkan kan. Mo jókòó sínú ọkọ̀ mi, mo ki ọwọ́ bọ àpò.

Agégi ni ọkọ̀ tí Ilé-Iṣẹ́ Ilẹ̀ Gbígbẹ fi ń fá ojú omi bí ẹni ń fá orí. Ó fẹ̀ tó ilé mẹ́rin. Ẹnu rẹ̀ wà níwájú, igi tó bá sì wọ ẹnu yẹn, ìyẹ̀fun ló ń gba ìdí jáde. Òkúta ló ń tẹ̀ lé e. Wọ́n á da òkúta sí ibi tí igi dúró sí tẹ́lẹ̀, wọ́n á pè é ní Ògiri Òkun, wọ́n á kó àwọn èèyàn ibẹ̀ lọ síbi tó bá wù wọ́n. Iṣẹ́ tèmi ni láti ṣíwájú rẹ̀, kí n bèèrè ẹni tó ni igi, kí n tẹ àtàǹpàkò. Ibi mọ́kànlá ni mo ti tẹ̀ ẹ́. Mo máa ń sọ fún ara mi pé iṣẹ́ ṣáà ni. Wọ́n ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Mo ti sọ òkò mọ́kànlá kí n tó rí ẹni tí ìkejìlá fẹ́ bà.

Àrọ̀kúrò ti rọ̀ tán láti ọjọ́ mẹ́rin. Ọyẹ́ kò tíì dé tán, ó kàn ń yọjú láàárọ̀ bí àlejò tí ilé kò dá lójú. Omi dúdú, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn igi abura dúró sínú rẹ̀, wọ́n yọ orúnkún gbòǹgbò wọn sókè, wọ́n ń wọ́wé. Ewé ńlá ni. Ọ̀kan yóò já, yóò yí, yóò bà lé omi, òrùka kékeré yóò sì fẹ̀ lọ títí tí yóò fi kan ẹsẹ̀ igi mìíràn. Àwọn ilé orí òpó wà láàárín wọn, wọ́n fi okùn so ilé mọ́ ara igi, torí òpó lè yẹ̀ ṣùgbọ́n abura kì í yẹ̀. Mo ti gbàgbé bí ibẹ̀ ti rẹwà tó. Rárá, irọ́ ni mo pa yẹn. Mi ò gbàgbé. Mo kàn fi ọdún mẹ́rìnlá ṣe bí ẹni tó gbàgbé.

Ìyá àgbà kan jókòó níwájú ilé tó sún mọ́ ẹnu odò jù, ó na ẹsẹ̀ sínú omi, ó ń tún ìgèrè tí wọ́n fi ń pẹja ṣe. Ìyá Omítóògùn ni. Òun ló gbẹ̀bí mi. Òun ló fi ewé di ìwọ́ mi, tó rì í sí ẹsẹ̀ igi kan, tó sì pe orúkọ mi sí igi náà, bí wọ́n ti ń ṣe fún gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí ní Ìdí-Abura. Láti ọjọ́ náà, ìbejì ni igi àti ọmọ.

Ó wo bàtà mi kó tó wo ojú mi. Bàtà pupa ni, awọ tó dára. Ará Orí-Òkè, ìlú ilẹ̀ gbígbẹ, nìkan ló ń wọ bàtà láyé tí a wà yìí. Kí ni ará omi fẹ́ fi ṣe?

"Ẹ káàárọ̀ o, aṣojú ìjọba," ló wí. "Ẹ kú ewu omi."

Èmi ló ń pè ní "ẹ"! Obìnrin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu ẹ̀jẹ̀ lójú mi. Ó mọ̀ mí, ojú kan tó fi wò mí ti sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ń fi mí pamọ́ fún ẹyẹ irin tó wà léjìká mi. Ọ̀rọ̀ náà gún mi láyà.

Mo kúnlẹ̀. Òfin iṣẹ́ wa ní aṣojú kì í kúnlẹ̀ fún ará omi, nítorí náà mo ṣe bí ẹni tó ń so okùn bàtà.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Igi yín mélòó?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé tí wọ́n ń rán èèyàn wá bi mí."

"Kí lẹ dá àwọn tó ṣáájú lóhùn?"

"Kí lèèyàn tún ń dáhùn? Mo ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Wọ́n mi orí, wọ́n kọ nǹkan sínú pátákó wọn, wọ́n ní wọ́n dúpẹ́. Mo tiẹ̀ fún wọn lẹ́ja."

"Mà, ohun tí ẹ sọ kọ́ ni wọ́n kọ. Òfo ni wọ́n kọ."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ìgèrè. "Òfo báwo?"

"Pé ẹ ò ní igi kankan."

"Háà!" Ó ju ìgèrè sílẹ̀. "Ọmọ tí a ò kà ló wá di ọmọ tí a ò bí?"

Ó fi àjẹ̀ tí wọ́n fi ń tukọ̀ lu òpó ilé rẹ̀ gbà-gbà-gbà, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ jáde. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ kéékèèké fi yí wa ká. Mo sọ fún wọn bó ṣe rí: pé nínú ìwé, igbó yìí kò ní olúwa, pé Agégi ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí, pé bí ilẹ̀ bá fi ṣú, òkúta ni yóò wà níbi tí a wà.

"Ẹ jẹ́ ká yáa kà wọ́n!" ni apẹja kan ké láti ẹ̀yìn.

Bàbá Ajímúdà yí padà sí i. Bàbá náà ti darúgbó, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò tíì gbó. "Ta ló máa kà á? Ìwọ? Ọdún tí wọ́n kà wá sínú ọkọ̀ ńlá pé àwọn ń kó wa lọ síbi tó gbẹ, gbogbo ẹni tí wọ́n kà ló padà débẹ̀?"

Apẹja náà tẹrí ba.

"Àwọn igi náà sì tún ń wọ́wé," ni Ìyá Omítóògùn wí. "Ẹni tó ń bọ́ aṣọ lọ́wọ́, ṣé òun ni wọ́n ń tò sórí ìlà?"

Ó yẹ kí ojú tì mí láti sọ ohun tó kàn yìí, ó sì ń tì mí. Ọ̀nà kan wà. Mo ti mọ̀ ọ́n láti ọdún mẹ́fà. Ní ibi mọ́kànlá tí mo lọ, kò sẹ́ni tó bi mí, èmi náà ò sì la ẹnu mi.

"Òǹkà," ni mo wí, "ka ẹsẹ kẹrìnlá."

"Ẹsẹ kẹrìnlá. Igi tí ẹni tó ni ín bá wà láàyè, a kò gbọdọ̀ gé e. Ẹni náà yóò fi àtẹ́lẹwọ́ kan ara igi, yóò pe orúkọ ara rẹ̀ sí etí òǹkà. Láti ìgbà náà lọ, ìdí igi yẹn ni ilé rẹ̀. Kò ní ilé mìíràn mọ́ lábẹ́ òfin."

"Ẹ gbọ́?" ni mo wí. "Kò ní kí ẹ kà. Ó ní kí ẹ pè."

"Pípè." Ìyá Omítóògùn yí ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. "Pípè ò burú. Ta ni yóò pe ọmọ bí kì í bá ṣe ìyá rẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹyẹ yín yẹn á kà á síta, mo mọ̀ ọ́n."

Mo na ọwọ́ sí èjìká, mo tẹ ìdí ìrù ẹ̀rọ náà títí tó fi dún tín-ín. "Yóò gbọ́ orúkọ, yóò tan iná sí igi. Mo ti pa á lẹ́nu mọ́ ní ti iye."

"Wọ́n ní a ò ní ní ilé mìíràn mọ́," ni Bàbá Ajímúdà wí. "Èwo la ti ń ní tẹ́lẹ̀?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Omítóògùn nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Bàtà mi ló tún ń wò.

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Bàbá Ajímúdà ló kọ́kọ́ lọ, ó tukọ̀ dé ìdí igi rẹ̀, ó dìde dúró nínú ọkọ̀ tó ń mì, ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ọn. "Ajímúdà!" ló ké, ẹkún sì gbà á, bóyá torí pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò sẹ́ni tó tún pe orúkọ náà níbẹ̀ rí. Iná kékeré kan tó rí bí ewé tàn lára èèpo igi. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ mọ́ nínú igbó náà. Orúkọ ń jáde lápá ọ̀tún, orúkọ ń jáde lápá òsì. Apẹja tó fẹ́ kà lẹ́ẹ̀kan fẹ́ gba igi méjì fún ara rẹ̀, òǹkà kọ̀ fún un, ìyàwó rẹ̀ sì fi àjẹ̀ da omi sí i lára pé olójúkòkòrò. Ìyá ọmọ jòjòló kan gbé ọmọ oṣù mẹ́ta wá, ó tẹ ọwọ́ kékeré náà mọ́ igi tí kò tíì ga ju ènìyàn lọ. Ọmọ ò lè sọ̀rọ̀. Omi tútù kán sí i lẹ́sẹ̀, ó bú sẹ́kún gbẹ̀ẹ́. Òǹkà dúró nínú afẹ́fẹ́, ó ń rò ó. Iná tàn. Igbe ayọ̀ tí àwọn èèyàn ké, ewé bí ogún ló já lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ ò ní gbọ́ iye wọn lẹ́nu mi, ẹ má wulẹ̀ bi mí.

Oòrùn ń gòkè lọ nígbà tí Agégi fọn fèrè. Ó ti dé ẹnu odò. Ibẹ̀ há, igi abura méjì ló dúró síbẹ̀ bí òpó ilẹ̀kùn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ti ọ̀tún ti tan iná. Ti Ìyá Omítóògùn ni. Ti òsì dúdú síbẹ̀.

Ọ̀gá Arógundádé, tó ń darí Agégi, jáde sí etí ọkọ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. A ti jọ jẹun pọ̀ ní ibi mọ́kànlá.

"Arábìnrin Fẹ́yìntọ́lá, ẹ kú iṣẹ́ o." Ó wo pátákó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ ti sọ ibí yìí di ọ̀run oníràwọ̀. Kò burú, òfin ni òfin. Ṣùgbọ́n igi òsì yìí kò lólúwa. Ibẹ̀ ni a ó gbà wọlé. Igi àwọn tó ti kú pọ̀ nínú lọ́hùn-ún, àwọn yẹn kò lẹ́ni tó máa pè wọ́n. A ó gé wọn, a ó da òkúta síbẹ̀. Àwọn tó kù á dúró láàárín òkúta bó bá wù wọ́n."

Igi tí òkúta bá yí ká, ọdún kan kò ní pé tí yóò fi gbẹ. Gbogbo wa ló mọ̀.

Kò sẹ́ni tó wo ojú mi. Ẹni kan ń wo òkè, ẹni kan ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀ tí kò lómi nínú. Wọ́n mọ ẹni tó ni igi náà, gbogbo wọn, wọ́n sì pa ẹnu wọn mọ́ nítorí mi.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà tí òkun ya wọ inú àbàtà tó sì gbé ilé wa lọ. Ìyá mi wà nínú rẹ̀. Èmi dì mọ́ igi òsì ẹnu odò yẹn, mo fi okùn ọkọ̀ so ara mi mọ́ ọn títí wọ́n fi wá tú mi. Mo búra níbẹ̀ pé n kò tún ní sùn lórí omi láyé mi. Mo gun òkè, mo sọ fún wọn pé Orí-Òkè ni wọ́n ti bí mi, wọ́n sì fi àmì ewé sábẹ́ awọ ọrùn ọwọ́ mi, èyí tó ń ṣí ẹnubodè. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sùn sórí ibùsùn tí kì í mì. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹni tí omi gbé ìyá rẹ̀ lọ mọ bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe dùn tó.

"Ẹ kàn tẹ àtàǹpàkò," ni Arógundádé wí jẹ́jẹ́, "ká lọ wá nǹkan jẹ."

Ìyá Omítóògùn tukọ̀ sún mọ́ mi. "Aṣojú ìjọba," ló wí, ohùn rẹ̀ rọ̀, "ẹ ti ṣe é fún wa. Ẹ máa lọ sílé yín. Igi kan kì í dá igbó ṣe."

Inú bí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìfẹ́ ló gbé mi dìde lọ́jọ́ náà. Ìbínú ni. Mo bínú sí Arógundádé tó ń rò nípa oúnjẹ, mo bínú sí àwọn èèyàn tó ń gbọ́n omi tí kò sí, mo bínú sí ìyá arúgbó tó ń dárí ohun tí n kò tíì tọrọ jì mí. Ta ló ní kó jẹ́ kí n lọ? Ibi mọ́kànlá ni mo ti lọ báyìí, tí mo wọ bàtà, tí ẹsẹ̀ mi ò tutù.

Mo tú okùn bàtà. Mo bọ́ ọ̀tún, mo bọ́ òsì, mo fi ẹsẹ̀ lásán bọ́ sínú omi.

Ó tutù. Ó dé mi lórúnkún, ẹrẹ̀ sì gba àárín ìka ẹsẹ̀ mi bó ṣe máa ń ṣe. Mo wọ́ ẹsẹ̀ dé ìdí igi òsì, mo fa ọkọ̀ mi lọ́wọ́. Ojú okùn tí mo fi so ara mi lọ́jọ́sí ṣì wà lára èèpo rẹ̀, igi ti wú yí i ká. Mo tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ọn.

Òǹkà fò wá síwájú ojú mi. "Orúkọ?"

"Fẹ́yìntọ́lá."

"Orúkọ yìí ní ilé ní Orí-Òkè. Ìwé ní Orí-Òkè ni wọ́n ti bí i. Bí ẹ bá tún un pè, ilé náà parẹ́, ìwé náà sì di irọ́. Ṣé kí n gbọ́ ọ?"

Mo ronú kan ibùsùn mi. Mo ronú kàn án dáadáa, n kò ní parọ́ fún yín.

"Gbọ́ ọ," ni mo wí. "Gbọ́ ọ débi tí àwọn tó rán ẹ yóò fi gbọ́. Fẹ́yìntọ́lá! Fẹ́yìntọ́lá, ọmọ Ṣíjúwọlá tí omi gbé lọ! Ìdí igi yìí ni wọ́n ri ìwọ́ mi sí!"

Àmì ọrùn ọwọ́ mi jó mi lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Lórí èèpo igi, lókè ojú okùn náà, iná ewé tàn.

"Àwẹ̀ró!" Ìyá Omítóògùn ti dìde nínú ọkọ̀, àjẹ̀ rẹ̀ ti bọ́ sómi. "Àwẹ̀ró mi! Ibo lo lọ láti ọjọ́ yìí? Ìwọ ọmọ yìí, ibo lo wà? Wo bó o ṣe gbẹ!"

Ọdún mẹ́rìnlá ni n kò ti gbọ́ oríkì mi.

Arógundádé wo pátákó rẹ̀, ó wo igi méjèèjì, ó wo ìmú ọkọ̀ rẹ̀ tí kò lè gba àárín wọn. Ó mi orí. "Fẹ́yìntọ́lá, ẹ ti ba ayé ara yín jẹ́."

Mo na ọwọ́ sínú ọkọ̀ mi, mo mú bàtà pupa náà, mo jù ú sókè sí i lẹ́sẹ̀. "Ẹ bá mi dá a padà fún wọn."

Kò mú un. Ó jẹ́ kó wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó yọ kálàmù. Títí oòrùn yóò fi wọ̀, èmi ṣì ni aṣojú, òfin sì ní kí aṣojú fi ẹnu ara rẹ̀ sọ iye, kí wọ́n kọ ohun tó bá sọ, kí Agégi tó lè yí padà. Òun náà mọ̀. Ó rọra bi mí, bí ẹni tó ti rẹ̀.

"Igi mélòó ló ní olúwa?"

Ewé kan já láti ara igi mi, ó bà lé omi láàárín èmi àti ọkọ̀ rẹ̀. Gbogbo èèyàn Ìdí-Abura ń wò mí wàyí.

"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ," ni mo wí. "Ẹ kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́."